Afiyet: Orúkọ Tí Mo Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin Lọ Wádìí

Kọfí tí mò ń san yúrò kan àti ọgbọ̀n sẹ́ǹtì fún lónìí ní bar ìsàlẹ̀ ilé wa ní Collegno, ẹgbẹ̀rún kan lírà ni mo ń mu ún nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, iye yẹn kò sì tó ìdajì ti ìsinsìnyí. Búrẹ́dì, tòmátì, owó ilé, owó àtigẹ irun, gbogbo wọn ló ti sá fún ọwọ́ wa. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ mi ọkùnrin, tí a bí síhìn-ín, á dá mi lóhùn ní èdè Ítálì: "Papà, anche lo stipendio era più basso." Ohun tó ń wí ni pé owó oṣù náà kéré nígbà náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n arúgbó kì í fẹ́ kí wọ́n fi òótọ́ dá òun lọ́nà nígbà tó bá ń rántí nǹkan.

Iye kan wà tí n kò lè gbàgbé. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin láti Torino dé Padova nígbà náà tó nǹkan bí ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lírà, àlọ nìkan. Mo rántí rẹ̀ nítorí pé mo san án, mo sì san ti àbọ̀, kí n lè lọ béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ tẹlifóònù mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni Afiyet. Orúkọ ọmọbìnrin ni lọ́dọ̀ àwọn ará Tọ́kì, ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi í sọ sì wà nínú àpótí gíláàsì ní ilé ìwòsàn, a kò mọ̀ bóyá yóò pẹ́.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé nígbà náà jẹ́ irú ilé àtijọ́ tí àwọn ará Torino ń pè ní casa di ringhiera: àgbàlá kan wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan tí wọ́n fi irin ṣe ọgbà yí ká wà lókè, ẹnu ọ̀nà gbogbo ayálégbé sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Kò sí ohun tí èèyàn lè sè níbẹ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ kò ní mọ̀. Mo ti parí ẹ̀kọ́ mi ní Padova ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sì ń ṣe iṣẹ́ disegnatore ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan, mò ń yàwòrán páìpù omi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyàwó mi ń ṣe ìtọ́jú ilé fún ìdílé méjì, ó sì ń fi ìyókù àkókò rẹ̀ bá mi jà lórí òtútù, bí ẹni pé èmi ni mo dá a.

Ẹnu ọ̀nà kejì sí tiwa ni tọkọtaya ará Tọ́kì kan ń gbé. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Novara, ní magazzino ńlá kan tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀, òun àti àwọn ará ìlú rẹ̀ sì jọ háyà yàrá kan níbẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Èdè Ítálì rẹ̀ já gaara. Ó máa ń pè mí ní "abi", èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lédè wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti dá a lóhùn ní Yorùbá pé: "Àbí kí ni?" Ó dúró, ó ń wò mí. Èmi náà dúró. Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn obìnrin wa ni kò ní èdè tí wọ́n lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ bí ogún ọ̀rọ̀ èdè Ítálì, tèmi gbọ́ bí ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n ogún yẹn àti ọgbọ̀n yẹn kì í sábà pàdé ara wọn. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Obìnrin náà á gbé abọ́ ewé àjàrà tí wọ́n fi ìrẹsì sínú rẹ̀ wá, á gbé e ka orí tábìlì wa, á fi ọwọ́ lé àyà, á ní: "Afiyet olsun." Ìyàwó mi á fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́, á ní: "Àlàáfíà ni o, a dúpẹ́. Ilé ńkọ́? Bàbá ńkọ́?" Èkejì á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún un sọ: "Afiyet olsun." Tèmi á tún ní: "Àlàáfíà ni, mo ní, a dúpẹ́."

Ìyàwó mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé: "Àwọn ará ìlú yìí kò mọ èèyàn kí. Ṣùgbọ́n aládùúgbò wa yìí, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Kì í gbé oúnjẹ fún èèyàn kó má béèrè àlàáfíà rẹ̀."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é báyìí kí ọkọ obìnrin náà tó là mí lóye. Ó ní ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó fẹ́ jẹun ni, bí àwọn ará Ítálì ṣe ń sọ "buon appetito". Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní: "Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni mo gbọ́."

Nígbà tí òtútù mú gan-an, obìnrin náà bímọ nínú oṣù keje oyún rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ìrọbí mú un. Ìyàwó mi ló tẹ̀ lé e dé ilé ìwòsàn nítorí pé ọkọ wà ní Novara. Nígbà tó dé ní ọ̀sán, kò bọ́ kóòtù, ó jókòó. Ó ní obìnrin ni ọmọ náà, ó ní wọ́n ti gbé e sínú incubatrice, àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru. "Ìka rẹ̀ dà bí orí ìṣáná," ló wí. Ó na ìka tirẹ̀ síwájú, ó ń wò ó.

Ní Ítálì, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún òbí láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní Comune, ilé ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyá náà pé bí àwọn òbí kò bá mú orúkọ kankan wá, akọ̀wé ibẹ̀ ni yóò yan èyí tó bá wù ú. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn yóò pé ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Títí di ọjọ́ Àìkú, ọmọ náà kò ní orúkọ. "Bimba" ni wọ́n kọ sára páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ìyẹn ọmọbìnrin lásán, orúkọ bàbá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, tọkọtaya yìí jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti fi ìyá sílẹ̀ láti ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló ń lọ jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti lọ rí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bí i. Kò tíì padà lọ. Ìyá náà fi ṣíbí sílẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lédè wọn, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan láàárín rẹ̀.

"Afiyet ńkọ́?" mo bi wọ́n.

"Ẹ gbà mí, abi," ni ọkọ wí. "Orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ nìyẹn. Ìyá ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un pé kò ṣe é sọ ọmọ ayé òde òní. Ní gbogbo ìlú tí wọ́n bí mi sí, mi ò mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ ẹ. Orúkọ arúgbó abúlé ni. Ó fẹ́ sọ ọmọ mi ní Ẹ-jẹun-dáadáa! Lọ́jọ́ tó bá wọ ilé oúnjẹ lọ́hùn-ún, gbogbo èèyàn ni yóò máa pè é."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ èyí tó gbọ́ nínú rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó wá fi èdè Ítálì rẹ̀ tó já wẹ́wẹ́ béèrè pé: "Ṣé ó burú, kí gbogbo èèyàn máa pè é?"

Inú mi dùn sí i. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Kí ọkọ tó fèsì, mo ní orúkọ gidi ni, pé àwa Yorùbá náà ní i, àlàáfíà ni a ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pace lédè Ítálì, kí ogun má sí. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú Bíbélì tí wọ́n fi tọ́ mi, àlàáfíà ni ohun tó dé nígbà tí ogun bá tán. Mo ṣe àlàyé náà bí olùkọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wàásù.

Ó gbọ́ mi dé ìparí. Ó ní: "Pace? Àwa ní ọ̀rọ̀ fún pace, abi. Barış ni. Èyí kọ́. Ẹ lọ sí yunifásítì, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ má parọ́ tó dùn fún mi."

Ìyàwó mi, tó dúró nídìí sítóòfù, bi mí ní Yorùbá pé: "Kí ló sọ?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó kọ hà. "Ẹ̀yin náà! Ara líle ni àlàáfíà. Tí wọ́n bá bi yín pé ṣé àlàáfíà lẹ wà, ṣé ogun ni wọ́n ń béèrè ni?"

"Jọ̀wọ́, jẹ́ ká gbọ́ràn," mo dá a lóhùn. Ọmọ Ìwó ni, ilé oníkéwú ni wọ́n ti bí i, ìwé mẹ́wàá ló kà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lójú pópó ló ń sọ.

Ọkọ ará Tọ́kì ti dìde, ó ń wá kóòtù rẹ̀. Ó ní: "Bí ẹ bá lè mú un wá fún mi látinú ìwé, abi, pé orúkọ tó yẹ ọmọ ni, mo gbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, akọ̀wé Comune lè sọ ọ́ ní ohun tó bá wù ú." Ó fẹnu ko ọmọ mi lórí, ó bọ́ sọ́nà ibùdókọ̀ ojú irin. Kò yà sí ilé ìwòsàn.

Ìyá ọmọ tẹ̀ lé ìyàwó mi dé ìdí ọpọ́n abọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ara wọn yé lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ti lọ, ìyàwó mi wá jókòó síwájú mi, ó ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní bí ọmọ náà bá lọ láìní orúkọ, kí ni òun ó máa pè nígbà tí òun bá ń sunkún?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ṣíbí tó kù lórí tábìlì jọ.

"Ẹ̀yin tí ẹ kàwé," ló wí, "ẹ lọ wá nǹkan ṣe sí i."

Mo gba permesso, àyè ọjọ́ kan, lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ sí Padova. Kùrukùru bo gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà láti Novara lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí igi kan, lẹ́yìn èyí ilé kan, lẹ́yìn èyí kò sí nǹkan. Onílé mi àtijọ́ ni mò ń lọ bá, obìnrin ará Padova tí mo gbé yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún márùn-ún nígbà tí mò ń kàwé. Ó ti kọ́ni ní èdè Lárúbáwá rí, kó tó fẹ̀yìn tì. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ìwé ló kún ilé rẹ̀ títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò bi í léèrè ohunkóhun nípa iṣẹ́ rẹ̀ rí. Nọ́ńbà ni mo gbàgbọ́ nígbà náà.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀. "Ìwọ! Ìwọ tí o fi epo pupa ba aṣọ fèrèsé mi jẹ́!"

"Èmi ni, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ó ṣì wà lára rẹ̀. Wọlé, ilẹ̀kùn yìí ń gba òtútù. Ta ló kú?"

Mo ní kò tíì sí ẹni tó kú. Mo pariwo ọ̀rọ̀ náà sí i létí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wò ó, ó ní kí n gbé àga, kí n gun un, kí n sọ ìwé kẹta láti apá òsì kalẹ̀ fún òun. Ìwé náà wúwo bí òkúta ọlọ. Ó ṣí i láti ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé Lárúbáwá, ó ń fi ìka tọ ìlà.

"Àwọn ará Tọ́kì gbà á lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá," ló wí. "Lẹ́tà kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde. Àwọn ará Tọ́kì kò ní irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀, wọ́n ju ìyẹn nù. Ní ìparí rẹ̀, t kan wà níbẹ̀ tí Lárúbáwá fúnra rẹ̀ kì í pè tó bá dánu dúró. Àwọn ará Tọ́kì di èyí mú, wọ́n ń pè é ketekete. Afiyet. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń pè é, lọ́dọ̀ yín?"

"Àlàáfíà."

"Tún un pè."

Mo tún un pè. Ó ní kí n tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta, kí n sún mọ́ etí òun. Lẹ́yìn náà ló lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Al! Ẹ gbé al wọlé pẹ̀lú rẹ̀! Ọ̀rọ̀ kékeré tí àwọn Lárúbáwá ń gbé síwájú ọ̀rọ̀ ni, bí a ṣe ń sọ il àti la ní tiwa. Ẹ rò pé ara rẹ̀ ni, ẹ jẹ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin di orí mú, àwọn di ìrù mú. Ẹran kan náà ni ẹ pa jẹ."

Mo bi í bóyá pace ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní pace ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, salām, tí gbogbo ayé mọ̀. "Èyí ni ara líle. Kí àìsàn má sí, kí Ọlọ́run yọ èèyàn nínú aburú. Ta ló sọ fún ọ pé pace ni?"

Mo ní èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní ìyàwó mi wí pé ara líle ni.

"Ṣé ó kẹ́kọ̀ọ́ Lárúbáwá ni?"

"Ó tì, mà. Ọmọ Ìwó ni."

"Èmi ò mọ Ìwó," ló wí, "ṣùgbọ́n bá mi kí wọn."

Ó tún padà sínú ìwé náà, nítorí pé kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi hàn mí pé gbogbo ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ló ní gbòǹgbò, àti pé gbòǹgbò eléyìí ni pípa nǹkan rẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lórí yanrìn, tí ipasẹ̀ àwọn tó kọjá kò sì hàn mọ́, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń lò fún un. Nínú gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti rí ìdáríjì, nítorí ẹni tó dárí jini ti pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Nínú rẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ìlera: Ọlọ́run pa ipasẹ̀ àìsàn rẹ́, bí ẹni pé kò gba ibẹ̀ kọjá rí.

"Kí ló wá dé tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń jẹun?" mo bi í.

"Kí oúnjẹ náà lè di ara líle fún un. Kí lo rò? Ọmọ ta ni ẹ fẹ́ sọ ní orúkọ yìí gan-an?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti gíláàsì, mo sọ ti ìka tó dà bí orí ìṣáná. Ó pa ìwé náà dé. Ó mú káàdì funfun kan, ó kọ orúkọ náà sí i ní Lárúbáwá, ó kọ ọ́ bí àwọn ará Tọ́kì ṣe ń kọ ọ́, ó ní kí èmi náà kọ tiwa sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Ó wá fi èdè Ítálì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ní ìlà mẹ́ta. Ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ó ní látinú ìwé, àbí? Ó dáa. Máa lọ. Tí o bá dúró jẹun, ọkọ̀ agogo méjì á fi ọ́ sílẹ̀."

Ọkọ̀ tó ń bọ̀ sí Torino máa ń dúró ní Novara. Mo ti rò pé n óò dúró de ọkọ ará Tọ́kì náà di òpin ọ̀sẹ̀, ìgbà tí a dé Novara ni mo rántí pé Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò parí. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo béèrè ọ̀nà, mo rìn fún bí ìdajì wákàtí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà, mo dé ẹnu géètì magazzino náà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pè é fún mi. Ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó dúró ní ibi tó jìnnà sí mi.

"Ó wà láyé," mo kígbe sí i. "Ó wà láyé, kì í ṣe ohun tí mo bá wá nìyẹn!"

Ó wá sún mọ́ mi. Mo fún un ní káàdì náà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó kà á. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju bí ìlà mẹ́ta ṣe yẹ kó pẹ́ lọ.

"Mo mọ̀, abi," ló wí níkẹyìn. "Mo ti mọ̀ pé orúkọ gidi ni. Èdè wa ni."

Inú bí mi. Mo ní: "O mọ̀? O mọ̀, o sì jẹ́ kí n na ara mi lọ sí Padova?"

"Mo rò pé ẹ ò ní lọ." Ó ń yí káàdì náà padà, kò sí nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. "Dókítà sọ fún mi pé kí a máa wò ó láti òní dé ọ̀la. Bí mo bá sọ ọ́ ní Ara-líle, tó wá kú, kí ni wọn yóò kọ sára òkúta ibojì rẹ̀? Kí ni Ọlọ́run yóò sọ nípa mi, pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́? Orúkọ mìíràn, tí mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, á rọrùn fún mi láti sin."

Èmi tí mo ti múra ìwé sílẹ̀, kò sí ohun tí ìwé fẹ́ sọ sí èyí. Ohun tí mo rí sọ ni ohun tí mo mọ̀ láti ilé. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, a kì í dúró kí ọmọ lágbára kí a tó sọ ọ́ ní orúkọ tó lágbára. Ọmọ tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá jù ni a ń fún ní orúkọ tó ń bẹ̀bẹ̀ jù. Orúkọ ló ń lọ síwájú, ọmọ á máa tẹ̀ lé e.

Mo bi í pé: "Nígbà tí ìyàwó rẹ bá gbé oúnjẹ fún wa, kí ló máa ń sọ?"

"Afiyet olsun."

"Afiyet, mo ti mọ ìyẹn. Olsun ńkọ́?"

Ọkọ̀ kan kọjá láàárín wa àti géètì, a dúró kí ariwo rẹ̀ lọ.

"Kó rí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Olsun, kó rí bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé o ń dúró kí oúnjẹ náà kọ́kọ́ di ara líle nínú èèyàn kó o tó sọ ọ́?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó ní kí n dúró, ó padà wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó jáde, kóòtù rẹ̀ ló wọ̀. A jọ wọ ọkọ̀ padà sí Torino, kò sọ gbólóhùn kan lójú ọ̀nà àfi ìgbà tó bi mí bóyá ọmọ náà ní irun, ó ní òun kò lè wò ó dáadáa lọ́jọ́ tí òun lọ. Mo ní mi ò tíì rí i, ìyàwó mi ló rí i.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá ọmọ wà níbi tó máa ń jókòó sí. Kò dìde. Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ àwọ̀ ewé fún ọkọ, ó ní kó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ihò róbótó méjì ló wà lára gíláàsì náà tí wọ́n ń gba ọwọ́ wọ̀. Láti ẹ̀yìn fèrèsé tí mo wà, mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gbé ẹnu sún mọ́ ọ̀kan nínú ihò náà. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ètè rẹ̀, mo sì mọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo rí i, pẹ̀lú t ìparí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún mi. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀: gbòǹgbò, yanrìn, al. Ó gbọ́ mi tán.

"Ara líle," ló wí.

"Ara líle."

"Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lírà ní àlọ, ọgbọ̀n ní àbọ̀, láti lọ gbọ́ ohun tí mo sọ fún yín nídìí sítóòfù lọ́fẹ̀ẹ́." Ó bu ọbẹ̀ sí i fún mi. "Ẹ jẹun jàre, ọ̀mọ̀wé."

Lọ́jọ́rú, èmi àti ọkọ ará Tọ́kì náà jọ lọ sí Comune. Akọ̀wé tó dá wa lóhùn jẹ́ ọkùnrin ọlọ́yàyà kan tó ń jẹ súìtì. Ó ní kí a pe lẹ́tà orúkọ náà fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá ọmọ sì pè é bí àwọn ará Ítálì ṣe ń fi orúkọ ìlú pe lẹ́tà: A ti Ancona, F ti Firenze, I ti Imola. Ó dé orí ipsilon, ìyẹn lẹ́tà Y, tí kò ní ìlú, ó wojú mi. Mo ní kó máa lọ. E ti Empoli, T ti Torino.

"Ó dùn létí," ni akọ̀wé wí. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Salute," ni bàbá dá a lóhùn. Ìlera ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ ní Ítálì fún ẹni tó bá sín náà nìyẹn. Akọ̀wé gbé ojú sókè, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "Ta ló sín?"

Ó gba bàbá náà ní àkókò díẹ̀ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi orí lé káńtà, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa ń wò wá. Ọjọ́ kẹsàn-án ni.

Oṣù méjì ni Afiyet lò nínú gíláàsì. Ìgbà tí àwọn igi àgbàlá wa ń rú ewé ni wọ́n gbé e gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n wé e bí àkàrà. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbà á ní ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Afiyet pé ọdún mẹ́jọ, bàbá rẹ̀ ríṣẹ́ sí Ferrara, wọ́n kó lọ, a sì ń pe ara wa lórí tẹlifóònù nígbà ọdún.

Onílé mi ní Padova kú kí yúrò tó dé. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló kọ̀wé sí mi, mi ò sì lè lọ sìnkú rẹ̀. Bàbá Afiyet kú ní ìlú rẹ̀, níbi tó ti lọ kọ́ ilé. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyàwó mi kú, ó di ọdún kẹrin báyìí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn níhìn-ín. Akọ̀wé Comune yẹn ju mí lọ dáadáa ní ọjọ́ orí, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Ìyá Afiyet wà láyé, orúnkún ló ń dùn ún, ó ń gbé nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Ferrara láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní èdè Ítálì rẹ̀ ti já gaara báyìí. Ọmọ mi wà láyé. Èmi náà wà. Nínú àwa àgbà mẹ́rin tí a jókòó yí tábìlì ká lọ́jọ́ Àìkú yẹn, àwa méjì ló kù. Ẹni tí à ń jà lé lórí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò, ó wà láyé.